Ọkọ̀ Tó Kú Lẹ́yìn Ẹ̀gùá

Micah kán epo bẹntiróò sójú bébà funfun, ó nà án sínú oòrùn, ó sì ń wò ó. Epo náà tàn ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti etí wá sí àárín. Àwọn tó dúró yí ọkọ̀ ká ní gáréèjì Ìjoùn na ọrùn wò ó. Bí bébà náà bá gbẹ tó mọ́, a jẹ́ pé epo náà dára. Bí àbàwọ́n ọ̀rá bá ṣẹ́ kù lójú rẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti da kẹrosíìnì lù ú, Roheemat tó ta epo náà yóò sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí nìyẹn kí Micah, rẹwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó gun ọ̀kadà rẹ̀ dé láti Ayétòrò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọdẹkúnlé awakọ̀ gbé Ṣèyífúnmi ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀ yìí. Ó ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Wọ́n forí lé ilé ìwòsàn ní Ìlaròó. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn Ẹ̀gùá, níbi tí kò sí ilé, tí ọkọ̀ mìíràn kò sì kọjá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì fi máa gbà láti ṣíná, ìyá ti lọ, ọmọ inú rẹ̀ sì ti bá a lọ.

Ọwọ́ Roheemat ni wọ́n ti ra epo tó wà nínú ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de gbígbé epo wá sí ìtòsí ẹnubodè, ilé epo Ìjoùn ti di ibùsùn ewúrẹ́. Inú kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo ènìyàn ti ń ra epo, ẹni tó bá sì ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì, aráyé ti sọ ọ́ di alábùlà kó tó lú nǹkan kan pọ̀.

Bébà náà gbẹ. Micah yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì gbé e fún Bàbá Bàrúwà, alága àwọn awakọ̀, ẹni tó ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ fọwọ́ pa á, Bàbá."

Bàrúwà fọwọ́ pa á. Ó gbé e sí imú. "Ó gbẹ."

"Ṣé ẹ rí ọ̀rá?"

"Mi ò rí i."

"Ìyẹn ò sọ nǹkan kan," Ọdẹkúnlé ní. Orí táyà kan tó dọ̀bálẹ̀ ló jókòó sí, irùngbọ̀n rẹ̀ hù kálẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. "Omi ni wọ́n máa ń fi là á nísinsìnyí. Ẹni tó fẹ́ jalè kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo."

Micah kò bá a jiyàn. Ó nawọ́ mú ìgò funfun kan tó ti gbé kalẹ̀ sórí òkúta látìgbà tó ti dé. Epo inú táǹkì ló bù sínú rẹ̀. Omi wúwo ju epo bẹntiróò lọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí tí gbogbo ojú yóò sì rí i. Epo náà mọ́ láti òkè délẹ̀.

"Ẹ gbé ìgò yẹn yípo," Roheemat pariwo láti ẹ̀yìn. Ó kó apá rẹ̀ méjèèjì jọ sí àyà, kò sì sún mọ́ wọn. "Ẹ̀yin tí ẹ da epo mi sí kòtò lánàá, ẹ fojú yín rí i dáadáa."

"Roheemat, ẹnu rẹ ti tún ń dún?" awakọ̀ kan ní. "Dúró kó ṣe é tán ná."

"Ẹnu mi ò dákẹ́ rí. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ bá ti kan ilẹ̀kùn mi pé ọkọ̀ yín ò lépo, ẹnu yìí náà ni mo fi ń jẹ́ yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè gbé ẹ̀rín náà mì nígbà tí wọ́n rí ojú Ọdẹkúnlé.

Micah sọ pé, "Epo inú ọkọ̀ yìí dára. Ohun tó pa ẹ́ńjìnnì, mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ọdẹkúnlé dìde lórí táyà. "Ọmọ Ayétòrò, bí epo bá dára, kí ló dé tó jẹ́ pé omi tí mo bá dà sí páìpù epo ló máa ń jí ọkọ̀ yìí? Dá mi lóhùn."

Micah, tó ti tẹ̀ ba sórí ẹ́ńjìnnì, gbé orí sókè. "Omi wo, Ẹ̀gbọ́n?"

Gbogbo wọn ló dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí awakọ̀ kan lágbègbè ẹnubodè yẹn, láti Ìjoùn títí dé Ìhunbọ, tí kì í gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nínú oòrùn, awakọ̀ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á da omi sí páìpù epo, á dúró díẹ̀, á sì ṣíná. Wọ́n gbà pé epo burúkú ló ń hó nínú páìpù, omi tútù ló sì ń pẹ̀tù sí i. Àgbà ń kọ́ ọmọdé, ọmọdé ń dàgbà sínú rẹ̀. Nígbà ayé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ oníkabúrétọ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Ọdẹkúnlé ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi ibi tí ẹ máa ń da omi sí hàn mí," Micah ní.

Ọdẹkúnlé na ìka sí páìpù kan tó gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kọjá, lókè ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti fẹnu kanra. Micah tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀. Ìlà erùpẹ̀ pupa wà níbẹ̀, tí omi ti ṣàn gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Ní òpin ìlà náà, nǹkan dúdú kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, jókòó sínú ihò rẹ̀ pẹ̀lú wáyà lẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ ni.

Ọkàn Micah lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó kórìíra kí ènìyàn máa fi àbá tún ọkọ̀ ṣe. Ó mọ àwọn kan ní Ayétòrò tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá kọ iṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ pọ́ǹpù, wọ́n á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á pààrọ̀ bátìrì, títí ọkọ̀ á fi dá ara rẹ̀ lóhùn tàbí kó di pàǹtí. Lójú rẹ̀, ìfiṣòfò ni, irọ́ pípa sì tún ni.

"Ẹ ṣíná sí i," ó wí fún Bàrúwà. "Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná."

Ọkọ̀ náà ṣíná lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dún geere bí ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dúró. Oòrùn ń dán lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn epo gbígbóná gba inú afẹ́fẹ́.

"Rẹwáyà, ó lè máà kú lónìí o," awakọ̀ kan ní. "Ó mọ̀ pé àlejò wà nílé."

"Bí ọkọ̀ ṣe máa ń mọ ojú ọlọ́pàá náà ló ń mọ ojú mẹkáníìkì," èkejì dáhùn.

Micah kò rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì.

Ó kú. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Ó kàn dákẹ́ bí ìgbà tí a fẹ́ fìtílà pa. Kíákíá ni Micah tú púlọ́ọ̀gì kan, ó fi wáyà rẹ̀ sí i lẹ́nu, ó gbé e ti irin ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́."

Bàrúwà yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò sí iná kankan tó ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ó ní kí Bàrúwà wo ọwọ́ aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì níwájú ìjókòó awakọ̀. Kò mira rárá.

"Iná ò ta," Micah wí fún gbogbo wọn. "Epo búburú lè mú kí iná má ràn, ṣùgbọ́n kò lè ní kí iná má ta. Nǹkan iná ló kọ iṣẹ́ níhìn-ín."

Bàrúwà ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti wakọ̀ látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lè pẹ́ kó tó yé e. Ó di Micah lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan tí kò ní táyà mọ́.

"Kí ni nǹkan dúdú tó wà lábẹ́ páìpù yẹn?"

"Sẹ́ńsọ̀ ni, Bàbá. Òun ló ń sọ fún ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí kò bá sọ ọ́, ọkọ̀ ò ní tan iná, kò sì ní fọ́n epo."

"Bó bá gbóná, a máa dákẹ́."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Bí omi bá kán sí i lórí, a tún máa sọ̀rọ̀."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ yọ ọ́ kí n wọ̀n ọ́n."

"Má wọ̀n ọ́n," Bàrúwà ní.

Micah wò ó.

"Kẹ́ẹ̀gì Ọdẹkúnlé ṣófo lọ́jọ́ yẹn," àgbà náà sọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Má bi mí léèrè ibi tí omi náà lọ. Ó sọ fún mi nídìí sàréè, mi ò sì fẹ́ kó tún un sọ. Epo Roheemat ni ọkùnrin yìí dì mú látìgbà náà. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí lo fẹ́ kó dì mú?"

"Roheemat ńkọ́?"

"Roheemat á lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìhunbọ. Ojú á tì í, inú á bí i, ṣùgbọ́n kò ní kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ọmọ aráyé, Micah. Mo mọ ẹni tó lè kú."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n wá sọ ohun tó pa ọkọ̀ yìí."

"Mo ní kí o wá sọ pé epo ni."

Micah gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn lódìkejì bọ́ọ̀sì. Ó ronú nípa Roheemat tó dá dúró sẹ́yìn wọn, tí ẹnikẹ́ni kò fi àga lọ̀. Ó ronú nípa Ọdẹkúnlé lórí táyà. Irọ́ náà rọrùn. Ó lè pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà ní ìdákẹ́jẹ́, kó sì sọ pé epo ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí gbogbo wọn yóò gbé lọ sílé nìyẹn: pé kí wọ́n sá fún epo Roheemat, kí wọ́n má sì jẹ́ kí omi wọ́n nínú kẹ́ẹ̀gì.

"Ọkọ̀ mélòó ló wà ní gáréèjì yìí tó jẹ́ irú èyí, Bàbá?"

Bàrúwà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbogbo wọn ló ń da omi sí páìpù. Gbogbo wọn ló ń rò pé epo ni. Aboyún mìíràn yóò wọ ọ̀kan nínú wọn."

Àgbà náà fi ọwọ́ Micah sílẹ̀. "Ìwọ lo máa sọ ọ́ nígbà náà. Kì í ṣe èmi."

Micah padà sídìí ọkọ̀. Ó tú sẹ́ńsọ̀ náà pẹ̀lú sípánà kékeré, ó fi aṣọ nù ún, ó sì so mítà tó ń wọn iná mọ́ ẹsẹ̀ wáyà rẹ̀. Ó ti ń tutù, nọ́ńbà sì ti hàn lójú mítà, ó dúró ṣinṣin.

"Mo fẹ́ omi gbígbóná," ó ní.

Kò sí ẹni tó mira. Roheemat ló yí padà, tó wọ ilé rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ìkòkò kékeré kan jáde, èéfín omi ń bo ojú rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú Micah, ó sì padà síbi tó ti dúró.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Micah fi ọ̀rá láílọ́ọ̀nù wé sẹ́ńsọ̀ náà kí omi má baà kàn án, ó sì gbé mítà lé Bàrúwà lọ́wọ́. Àgbà náà fẹ́ fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ti wà lára rẹ̀.

"Ẹ máa ka ohun tí ẹ bá rí fún wọn."

Sẹ́ńsọ̀ wọnú omi. Nọ́ńbà náà dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ó já wálẹ̀, ó tún fò.

"Ó ń sáré kiri," Bàrúwà ní.

"Ẹ má gbójú kúrò."

"Ó ti..." Bàrúwà gbé mítà sún mọ́ ojú. "Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́."

Micah fà á jáde, ó fi aṣọ tútù nù ún, ó gbé e sí ibòji. Wọ́n dúró, títí Bàrúwà fi sọ pé nọ́ńbà ti padà. Micah tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní kòńgẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì náà, ó kú nínú omi gbígbóná, ó jí nínú ibòji.

"Òun ló pa ọkọ̀," Micah ní. "Kì í ṣe epo."

Inú àwọn tó wà níbẹ̀ kò dùn, inú wọn kò bàjẹ́. Ojú tì wọ́n ni, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa fi ojú sí. Ọdẹkúnlé nìkan ló ń wo sẹ́ńsọ̀ náà. Ó sún mọ́ ọn. Ó wo inú ẹ́ńjìnnì, ó wo páìpù, ó wo ihò tí wọ́n ti yọ ọ́. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà erùpẹ̀ pupa yẹn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

"Omi tí mo ń dà sí páìpù."

"Kò ṣe nǹkan kan fún páìpù, Ẹ̀gbọ́n. Orí èyí ló ń kán sí."

"Bí omi bá wà nínú kẹ́ẹ̀gì mi lọ́jọ́ yẹn?"

Bàrúwà pe orúkọ rẹ̀, "Ọdẹkúnlé." Awakọ̀ náà kò tilẹ̀ wò ó.

"Ó ṣeé ṣe kó ṣíná," Micah ní.

"Má ṣe sọ 'ó ṣeé ṣe' fún mi. O ti dúró níhìn-ín láti àárọ̀, o ò sọ ohun tí o ò wọ̀n. Bí mo bá da omi sí i, ṣé ì bá ṣíná?"

Micah mọ̀ pé òun lè dákẹ́. Ó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà yóò dáhùn fún òun, ìyẹn yóò sì burú jù, nítorí ọkùnrin yìí yóò máa padà sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ bóyá yóò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Ì bá ṣíná."

Ọdẹkúnlé mi orí, ó tún mi orí.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," ó ní. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní pàtó. "Kí a tó dé Ẹ̀gùá ló ti ń bẹ̀ mí. Mo dúró, mo fún un mu. Ó ní orí òun ń gbóná. Mo da ìyókù sí i lórí, gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó tutù." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo ní màá tún omi pọn ní Ìlaròó."

Obìnrin kan láàárín èrò bú sẹ́kún, ẹnì kan sì fà á lọ.

Micah wá ọ̀rọ̀ títí. Kò sí èyí tó dára nínú wọn, ó kàn mú èyí tó jẹ́ òótọ́. "Sẹ́ńsọ̀ yìí ti ń kú tipẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Bí kì í bá ṣe omi tó ń jí i, ẹ̀ bá ti gbé ọkọ̀ yìí wá bá wa ṣáájú ọjọ́ yẹn. Omi náà ló fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún yín. Ohun tí gbogbo yín ń ṣe ni, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin nìkan ṣe."

Ọdẹkúnlé kò jọ ẹni tó gbọ́. Ó padà lọ jókòó.

Ẹnì kan ní láti parí iṣẹ́. Micah mú sẹ́ńsọ̀ mìíràn jáde nínú àpò rẹ̀, tòkunbọ̀ tó yọ lára ẹ́ńjìnnì irú èyí ní Ayétòrò. Kò fi í sí i bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní tútù, ó wé e, ó rì í sínú omi gbígbóná náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì gun díẹ̀, ó dúró. Ìgbà náà ló tó dè é sínú ihò, ó gbé wáyà rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn kí omi ẹnikẹ́ni má baà dé ibẹ̀ mọ́, ó sì ṣíná. Wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò kú. Èrò ti ń túká. Àwọn tó wá wo bí wọ́n ṣe máa lé obìnrin jáde kò ní ohun tí wọ́n ń dúró dè mọ́.

Bàrúwà na ọ̀pá rẹ̀ sókè kí ìyókù lè gbọ́. "Roheemat kò lọ síbì kankan. Epo rẹ̀ dára. Ẹni tó bá tún pè é ní alábùlà, èmi ni yóò bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣé," Roheemat ní. Ó wá gbé ìkòkò rẹ̀, ó da omi tó kù nínú rẹ̀ sílẹ̀. "Epo tó wà nínú kòtò ńkọ́? Ẹ máa lọ bù ú padà ni? Ilẹ̀kùn mi tí ẹ tàpá já, ẹ máa sọ fún un pé ó dára náà ni?"

"Roheemat, a ti gbọ́."

"Ẹ ò tíì gbọ́, Bàbá. Èmi àti Ṣèyífúnmi la jọ ń lọ sódò láti kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọlé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí n má wọlé. Mi ò rí ojú rẹ̀. Epo á tún dé lọ́la, èmi náà á sì tà á fún yín, torí kò sí ẹlòmíràn. Ìyẹn nìkan ni ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ mi."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹkúnlé. Ó dẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ sọ ohun kan fún un. Ọdẹkúnlé kò gbé orí. Roheemat wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn tó já náà mọ́ ara rẹ̀ bó ṣe lè tì mọ.

Micah pa ẹ́ńjìnnì, ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún Ọdẹkúnlé, ọkùnrin náà sì fi ọwọ́ júwe Bàrúwà.

"Fún Bàbá. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa wà á. Kó máa gbé wọn lọ."

Bàrúwà gba kọ́kọ́rọ́ náà. Kò dúpẹ́, Micah náà kò sì retí rẹ̀. Àgbà náà lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní tètè dìde níbẹ̀.

Micah fọ ọwọ́ rẹ̀, ó to irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Kò ṣíná sí i nínú gáréèjì. Ó tì í kọjá lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ó tì í títí ó fi dé ojú títì, níbi tí ariwo rẹ̀ kò ti ní dé bá wọn. Níbẹ̀ ló ti gùn ún, tó ṣíná, tó sì kọrí sí Ayétòrò.